Àpótí Kékeré Tí Ń Ṣẹ́jú Ní Pálọ̀ Wa

Dolyna, Saskatchewan
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní

Larissa, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àárò ilé, bí àárò ilé bá ń sọ ọ́. Ara mi le. Ẹsẹ̀ mi kò dùn mí ju bó ṣe yẹ kó dun àgbàlagbà lọ. Ológbò wa wà láàyè, ó ti sanra débi pé èèyàn kì í tètè mọ̀ bóyá ó jókòó ni àbí ó dìde. Kí Ọlọ́run tó dá ọ sí di òní má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí yìnyín Toronto, kí ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ má ṣe gbàgbé ọ sábẹ́ ilẹ̀, kí o sì máa rí ojú rere ọ̀gá rẹ lójoojúmọ́. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kò jò mọ́, owó tí a rí lórí pẹ́rógì tí àwọn obìnrin fi ìyẹ̀fun àti ọ̀dùnkún ṣe tà ni a fi tún un ṣe. Òtútù ọ̀sẹ̀ tó kọjá dé ìwọ̀n méjìdínlógójì sí ìsàlẹ̀ òdo, àwọn kan sì ń sọ pé ọdún yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tutù.

Inú ìwé ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, mi ò fi ránṣẹ́ lórí fóònù, torí pé ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé gbogbo ohun tí mo bá kọ sórí fóònù, inú àpótí kékeré tó wà ní pálọ̀ ló ń lọ sùn sí. Ọ̀rọ̀ àpótí náà gan-an ni mo sì fẹ́ sọ, kò sì dáa kí á máa sọ̀rọ̀ ẹni lójú ẹni. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá jókòó sí ilé Verna, aládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún tí ìyá rẹ kú. Ìdí tábìlì ìdáná rẹ̀ ni mo wà báyìí, ó ti fún mi ní kọfí ife méjì, ó sì ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe ohun tí mo ń kọ lòun ń wò.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ ní Ọjọ́bọ̀. O ní àpótí náà, kọ̀ǹpútà kékeré wa, ti kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́ta, o ní iná ilé wa kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, o ní tó bá di òpin oṣù yìí, Myron ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò wá fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé tirẹ̀ ní Saskatoon. Larissa, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí Myron wá. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ mi. Bí o bá kà á tán tí ọkàn rẹ kò yí padà, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣé o tiẹ̀ mọ ohun tí àpótí yìí ti ṣe fún ilé yìí? Nígbà tí o gbé e wá ní oṣù kẹwàá, ní ọdún ìdúpẹ́ tí a jẹ tòlótòló, tí o kàn yọ ọ́ nínú àpò ẹ̀wù rẹ, mo rò pé ọṣẹ lo rà fún mi. Kò tóbi ju ìwé àdúrà ìyá rẹ lọ. Mo ní kọ̀ǹpútà wo nìyí, ibo ló kó ìyókù ara rẹ̀ sí? O ní bó ṣe mọ nìyẹn. O ní inú rẹ̀ ni gbogbo fọ́tò ìdílé wa yóò máa gbé, àti fíìmù ìgbéyàwó, àti ìwé oúnjẹ ìyá rẹ tí o fi fóònù yà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí a lè yéé san owó fún àwọn tí ń bá wa tọ́jú wọn lókèèrè, tí wọ́n ń fi owó kún owó lọ́dọọdún. O ní yóò máa wà lójúfò tọ̀sán tòru, ibi yòówù kí ẹnikẹ́ni nínú wa wà, yóò rí ohun tó bá ń wá nínú rẹ̀. Mo ní iná tí yóò máa jẹ ńkọ́? O ní kò tó nǹkan, gílóòbù kékeré kan máa jẹ jù ú lọ. Mi ò gbà ọ́ gbọ́. Ní ọjọ́ kejì tí o lọ, mo pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná nínú ilé, mo pa fíríìjì, mo pa rédíò, ó ku àpótí nìkan, mo wá gbé àga lọ síwájú mítà, mo jókòó tì í fún odindi wákàtí kan. Mítà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbé nínú ilé! Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ pe Verna. Ó wo mítà, ó wo ojú mi, ó ní ṣé ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ló gbé àga ti mítà báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ fa àga tirẹ̀ náà wá.

Láti ìgbà náà ni ilé yìí kò ti dá mọ́. Ìwọ náà mọ iná búlúù kékeré iwájú rẹ̀ yẹn, o ní bí ẹnì kan nínú ìdílé bá ń wo nǹkan nínú àpótí, ńṣe ni yóò máa ṣẹ́jú. Bó bá ti ń ṣẹ́jú, mo mọ̀ pé a ní àlejò. N kì í fi ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ gba pálọ̀ kọjá mọ́. Mo máa ń dín ohùn rédíò kù kí n má baà dí wọn lọ́wọ́. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tó ń ṣẹ́jú láìsinmi, mo mọ̀ pé àǹtí rẹ Olga ní Kelowna ló jókòó ti àwọn fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀. Mo máa ń tan àtùpà ẹ̀gbẹ́ àga fún un, torí pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, mo sì máa ń kí i bí mo bá ń gbé tíì mi kọjá. Mo sọ èyí fún un lórí fóònù. Ó bi mí pé ṣé Larissa mọ̀. Mo ní o mọ̀, ìwọ lo gbé e kalẹ̀.

Àpótí náà tún ní ìwà, kì í ṣe ohunkóhun láìtọrọ ààyè. Ní oṣù kọkànlá, ó kọ̀wé sójú tẹlifíṣàn pé òun fẹ́ sọ ara òun dọ̀tun, ó ní kí n ka àdéhùn kan kí n tó sọ bóyá mo gbà. O ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n kàn máa tẹ mo gbà. Larissa, bí bàbá mi ṣe fọwọ́ síwèé láìkà á nìyẹn tí ilẹ̀ ẹ̀bá odò fi bọ́ lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ka àdéhùn yẹn, mo lo awò ojú tèmi, ó rẹ̀ ẹ́, mo lo ti Verna. Mo wá a láti òkè délẹ̀, kò dárúkọ oko wa níbì kankan, kò dárúkọ tírákítọ̀. Ìgbà náà ni mo wọ ẹ̀wù funfun, mo ní kí Verna dúró bí ẹlẹ́rìí, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó pajú dé, ó tún là á. Ẹ̀yin ọmọ ìlú ńlá kì í ní irú sùúrù yẹn, ẹ sì ń bínú bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ó yá, kí n wá sọ ti ikú rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́, mi ò jiyàn, èmi ni mo jẹ̀bi. Òtútù ti dé, gbogbo ayé ti ń fa okùn iná bọ imú ọkọ̀ wọn kí ẹ́ńjìnnì má baà dì mọ́jú. Mo gbé aago iná wa jáde, èyí tí ń tan iná fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí, tí ó sì ń pa á ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ìwọ náà mọ ojú tí àwọn ará Dolyna fi ń wo ẹni tó bá fi ọkọ̀ sórí iná láti alẹ́ mọ́jú láìfi aago sí i. Wọ́n á ní irú wọn ni kì í fún ọmọ wọn ní ogún. Ihò iná méjì ló wà lára aago yẹn. Ọkọ̀ gba ọ̀kan. Mo wo àpótí, mo ní ẹ̀rọ ni ọkọ̀, ẹ̀rọ ni ìwọ náà, kí ló dé tí ọ̀kan yóò máa jẹ iná tọ̀sán tòru tí èkejì yóò máa gbààwẹ̀? Mo fa okùn gba abẹ́ ilẹ̀kùn, mo so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù, iná búlúù á kú. Mo rò pé ó lọ sinmi ni.

Ọjọ́ kejì ni o pè. O ní fóònù rẹ máa ń ta ọ́ lólobó bí àpótí bá ti kú. Larissa, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo lò pẹ̀lú mi. O ní kí n lọ síbí, kí n fọwọ́ kan tọ̀hún, kí n ka ohun tí mo bá rí, títí a fi tọ okùn náà dé ìdí aago. O bú sẹ́rìn-ín, o rẹ́rìn-ín títí o fi ní inú ń run ọ́, o ní àpótí kì í ṣe ọkọ̀, kò sẹ́ni tí yóò wà á lọ sí oko láàárọ̀. O bi mí ohun tí mo jẹ. O bi mí bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń ṣe. Láti ìgbà tí o ti padà sí Toronto, ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lórí fóònù ni mo máa ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ, pẹ̀lú àwòrán ojú kan tó ń rẹ́rìn-ín, n kò sì mọ ojú ẹni tó jẹ́.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, Verna ló bá mi dá sí i. Ó di oṣù kejìlá, mo fọwọ́ kan àpótí, ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì rò pé ó ń bá òtútù jà ni, torí pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà. Nínú ilé wo ní Dolyna ni ìkòkò tíì kò ti ní ẹ̀wù òwú? Ẹyin sísè pàápàá ní fìlà. Verna fi ọjọ́ méjì hun ẹ̀wù fún un, pupa, pẹ̀lú ọrùn funfun, ó bá a mu bí ẹni pé ó fi okùn wọ̀n ọ́n. Kò lò ó ju ọjọ́ méjì lọ tó fi dákú. O pè, ó tó ogójì ìṣẹ́jú. O ní ooru ni ọ̀tá rẹ̀, ó ní láti máa mí. O ní kí n gbé fóònù fún Verna, ẹ̀yin méjèèjì sì jọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbọ́ yín. O tún rántí àpótí pẹlẹbẹ kejì, èyí tí ẹ̀dà gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀, o ní kí n gbé e kúrò nílé wa lọ sí ilé mìíràn, torí ewu iná. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o sì ti ní ooru ni ọ̀tá wọn, inú fírísà Verna ni mo gbé e sí, láàárín pẹ́rógì àti ẹran àgbọ̀nrín, mo fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, mo kọ orúkọ wa sí i lára kó má baà lọ sè é. Ọkàn rẹ lè balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kẹta, òun gan-an ló gbé mi wá sídìí tábìlì yìí. O rò pé iná ló lọ ní Dolyna ní ọjọ́ kẹfà oṣù yìí. Iná kò lọ.

Ọjọ́ náà ni àṣálẹ́ mímọ́ wa, èyí tó ṣáájú Kérésìmesì àwọn bàbá wa, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ keje oṣù kìíní. Oúnjẹ méjìlá tí kò ní ẹran ló yẹ kó wà lórí tábìlì. Mo se mẹ́ta, Verna gbé mẹ́rin wá kó tó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, márùn-ún tó kù, mo kàn dárúkọ wọn. Mo tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ aṣọ tábìlì. Mo gbé àwo kan kalẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, bí a ti máa ń ṣe, ti ìyá rẹ nìyẹn. Mo tún gbé òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní èyí ni ti Larissa. Bí mo ti wò ó níbi tó wà, ẹ̀rù bà mí, mo sáré gbé e kúrò. A kì í tẹ́ àwo alààyè síbẹ̀.

Mo dúró sí ojú fèrèsé títí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ fi yọ, mo gbàdúrà, mo jókòó. Mo wo àpótí. Kò ṣẹ́jú rárá. Ó yé mi, kálukú wà nídìí tábìlì tirẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò máa wo fọ́tò lásìkò yẹn. Mo jẹ ṣíbí kan nínú àlìkámà olóyin, kò dùn lẹ́nu mi. Ni mo bá dìde, mo fi ọwọ́ ara mi yọ okùn àpótí kúrò lára ògiri, mo padà sí àyè mi, mo ń wo aago.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ló gbà kí fóònù tó dún. O ní, "Tátò, bàbá mi, kí ló tún ṣe àpótí wa?"

Mo ní, "Ọmọ mi, n kò mọ̀."

Irọ́ ni mo pa. Lálẹ́ mímọ́ pàápàá. A sọ̀rọ̀ fún àádọ́ta ìṣẹ́jú. O sọ fún mi pé ìwọ nìkan lo wà nílé, pé nǹkan inú ike lò ń jẹ níwájú kọ̀ǹpútà rẹ, pé ìwọ àti ọkùnrin tí ẹ jọ ń fẹ́ra ti pínyà láti oṣù kọkànlá, o kò sì fẹ́ fi da ọdún rú mọ́ mi lọ́wọ́. O bi mí bí ìyá rẹ ṣe máa ń se àlìkámà olóyin. Mo sọ ọ́ fún ọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, títí dé orí ẹ̀pà rẹ̀. O sunkún díẹ̀, o ní òtútù ló mú imú rẹ. Nígbà tí o wá ní kí n lọ wò bóyá okùn rẹ̀ ti tú, mo ní kí o ní sùúrù kí n wá a. Ọwọ́ mi ló wà láti ìgbà tí o ti pè.

Nítorí náà, má bú iná Dolyna, má sì bú àpótí. Àpótí kò ní àléébù kankan. Èmi ni iná tó lọ.

Bí Myron bá wá, n kò ní bá a jà. Mo máa po kọfí fún un, mo máa nu eruku ara àpótí, mo máa gbé e lé e lọ́wọ́ láìsí ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní Saskatoon, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò kú mọ́, sọ fún mi, Larissa, kí lo tún máa torí rẹ̀ pè mí?

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí Verna, tó ní òun kò wo ohun tí mo ń kọ, fi sọ pé kí n yéé fara pamọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kí n kàn kọ ọ́ pé àárò ọmọ mi ń sọ mí. Mo ní ọkùnrin kì í kọ irú ìyẹn. Ó bá gbé ife kọfí mi lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní òun kò ní gbé e padà. Kọfí náà sì gbóná, ìta sì tutù. Àárò rẹ ń sọ mí. Ó ti gbé e padà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Mo ti ṣírò iná tí àpótí ń jẹ, kò pé dọ́là méjì lóṣù, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ di méjì torí pé èmi ni mò ń ṣọ́ ọ. Ti oṣù mẹ́ta jẹ́ dọ́là mẹ́fà. Mi ò fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù, n kò mọ ihò tí owó máa ń gbà jáde lára rẹ̀. Bánkì tó wà ní Dolyna náà ti kógbá sílé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ orí yìnyín ṣe báyìí. Nítorí náà, fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá. Mo mọ̀ pé dọ́là mẹ́fà kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú. Dúró di oṣù karùn-ún, nígbà tí yìnyín bá ti lọ, yóò ti di mẹ́rìnlá, ìyẹn kì í ṣe owó kékeré, kò sì yẹ kí èèyàn gbé e rán ẹlòmíràn.

Kí ọ̀nà rẹ máa là níwájú rẹ. Kí iṣẹ́ máa bọ́ ọ, kó má ṣe jẹ ọ́. Kí ẹni tí yóò mọ iyì rẹ rí ọ, kí ó má sì jẹ́ irú èyí tó lọ yẹn. Kí o jẹun gidi lónìí. Kí o sì dàgbà, kí o gbó, kí o di ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń pè láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Orest